Ó LÉ KAN: Ìtàn Nọ́ńbà 65,537 láti Ìjẹta dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá ń ka Yorùbá ní yunifásítì yóò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì kan títí tí etí rẹ̀ fi kún. Ọ̀kan ni ti àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n máa ń sọ pé Yorùbá dára fún oríkì, ó dára fún ẹkún ìyàwó, ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èkejì ni ti àwọn ará tiwa, tí wọ́n á fọwọ́ sọ̀yà pé Ifá ló bí kọ̀ǹpútà, pé ṣe ni òyìnbó wá jí i gbé. Èmi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n mú nọ́ńbà kan ṣoṣo, 65,537, kí n tọpa ìtàn rẹ̀, ká lè rí ohun tó jẹ́ tiwa níbẹ̀ àti ohun tí kì í ṣe tiwa. Bí ẹ bá ní pẹ́ńsù lọ́wọ́, ẹ mú un dání, nítorí a máa ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, kò le.

Kí ni práìmù?

Ká ní ìyá kan ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Òkòkòmáíkò. Bí ọsàn rẹ̀ bá jẹ́ 12, ó lè tò ó ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, àtẹ rẹ̀ á gún régé. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 13 ńkọ́? Ó tò ó ní méjì-méjì, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó tò ó ní mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀kan ṣẹ́kù. Mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan náà ni. Kò sí bó ṣe lè pín in kó dọ́gba, àfi kó tò wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan tàbí kó kó gbogbo wọn jọ sójú kan. Nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní práìmù. 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 ni mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú wọn. Euclid, ará Gíríìkì, ti fi hàn ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn pé wọn ò lópin. Bó ti wù kí o kà tó, òmíràn ń bẹ níwájú.

Kékeré inú wọn rọrùn láti mọ̀. Àwọn ńlá ló ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ojú lásán kò lè mọ̀ bóyá nọ́ńbà ńlá kan ṣeé pín tàbí kò ṣeé pín.

Etí Yorùbá ń gbọ́ nǹkan kan

Ẹ kọ gbogbo práìmù láti 11 títí dé 97 sílẹ̀. Mọ́kànlélógún ni wọ́n. Ẹ wá máa pè wọ́n ní Yorùbá sókè: ọ̀kànlá, ẹ̀tàlá, ẹ̀tàdínlógún, ọ̀kàndínlógún, ẹ̀tàlélógún, ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n, ọ̀kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀tàdínlógójì, títí dé ẹ̀tàdínlọ́gọ́rùn-ún. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ọ̀kan àti ẹ̀ta nìkan ló ń lé, àwọn nìkan náà ló ń dín. Ẹ̀jì ò sí níbẹ̀, ẹ̀rin ò sí níbẹ̀, árùn-ún ò yọjú rárá.

Kì í ṣe idán. Orí ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá ni a ń so orúkọ nọ́ńbà wa kọ́: ogún, ọgbọ̀n, ogójì, àádọ́ta. Gbogbo ìdì yìí ló ṣeé pín sí méjì, gbogbo wọn ló sì ṣeé pín sí márùn-ún. Bí o bá fi ẹ̀jì tàbí ẹ̀rin lé e, tàbí o yọ ọ́ kúrò, ó ṣì ṣeé pín sí méjì. Bí o bá yọ árùn-ún, ó ṣì ṣeé pín sí márùn-ún. Ọ̀kan àti ẹ̀ta nìkan ló lè ba ìpín náà jẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ní òfin yìí, pé práìmù tó bá ju 10 lọ gbọ́dọ̀ parí sí 1, 3, 7 tàbí 9. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin ni Gẹ̀ẹ́sì máa há sórí. Lẹ́nu tiwa, méjì péré ni, nítorí 7 jẹ́ ẹ̀ta tó dín, 9 sì jẹ́ ọ̀kan tó dín.

Àmọ́ ká má ṣàṣejù. Láti 11 dé 99, orúkọ mẹ́rìndínlógójì ló ní ọ̀kan tàbí ẹ̀ta nínú, mọ́kànlélógún péré nínú wọn ni práìmù. Ọ̀kànlélógún jẹ́ 3 lọ́nà 7. Ọ̀kàndínláàádọ́ta jẹ́ 7 lọ́nà 7. Etí lè lé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé síta, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tó kù nínú ilé, ọmọ ilé ni.

Àṣà "ó lé kan"

Ẹ jẹ́ ká wá wo bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́. Òní ń kọ́? Bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìjẹta ni ọjọ́rú. Ọjọ́ méjì péré ló sì wà láàárín wọn bí a bá fi ka òyìnbó kà á. Kí ló dé tí a fi pè é ní ìjẹta? Nítorí pé a ka òní mọ́ ọn. Méjì, ó lé kan.

Ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin: ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ọbàtálá. Bí ọjà bá bọ́ sí ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Ògún mìíràn ni wọ́n tún máa ná an. Síbẹ̀ ọrún ni a ń pè é, nítorí a ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí a parí. Mẹ́rin, ó lé kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí í ṣe ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ni a ń pè ní ìtàdógún, tí àwọn babaláwo àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ fi ń pàdé. Mẹ́rìndínlógún, ó lé kan.

Ìjẹta, ọrún, ìtàdógún: 3, 5, 17. Práìmù ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn òrìṣà náà ń kọ́? Ọ̀kànlénígba là ń pè wọ́n níbòmíràn, ọ̀kànlénírinwó níbòmíràn. Igba péye, irínwó péye, ó pín régé sí ogún-ogún, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kó péye bẹ́ẹ̀, a máa ń fi ọ̀kan lé e kí àyè lè wà fún ẹni tí a ò tíì kà. 401 jẹ́ práìmù. Ṣùgbọ́n 201 kì í ṣe é, 3 lọ́nà 67 ni. Bákan náà, ìsán tí a fi ń ka ọ̀sẹ̀ méjì, ìyẹn mẹ́jọ ó lé kan, jẹ́ 9, ó sì pín sí mẹ́ta-mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé àwọn baba wa mọ̀ọ́mọ̀ yan práìmù, kó kọ́kọ́ dá ìsán àti ọ̀kànlénígba lóhùn.

Kí ló wá mú kí 8 ó lé kan kùnà, tí 4 ó lé kan àti 16 ó lé kan kò sì kùnà? Ìbéèrè yìí ló gbé wa dé ilẹ̀ Faransé.

Fermat àti ọ̀pẹ̀lẹ̀

Kí a tó débẹ̀, ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ojú mẹ́jọ ló ní, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ojú kọ̀ọ̀kan lè dojú dé tàbí kó ṣí, ọ̀nà méjì nìyẹn. Ojú méjì máa fún wa ní ọ̀nà 4. Apá kan, tó ní ojú mẹ́rin, máa fún wa ní 16, àwọn ojú odù nìyẹn. Apá méjèèjì máa fún wa ní 16 lọ́nà 16, ìyẹn 256, gbogbo odù Ifá pátá. Bí babaláwo bá sì da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, iye ọ̀nà tí àbọ̀ rẹ̀ lè gbà yọ ni 256 lọ́nà 256, tí í ṣe 65,536. Ẹ tò wọ́n: 2, 4, 16, 256, 65,536. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ́nà ara rẹ̀. Kò sí 8 nínú wọn.

Ní ọdún 1640, adájọ́ kan wà ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, Pierre de Fermat lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ òfin ló fi ń jẹun, ìṣirò ló fi ń ṣeré. Ó mú àwọn nọ́ńbà tí mo tò sókè yìí gan-an, ó fi ọ̀kan lé ìkọ̀ọ̀kan: 3, 5, 17, 257, 65,537. Ó ní gbogbo wọn jẹ́ práìmù, ó sì gbàgbọ́ pé bí a ṣe ń bá a lọ títí láé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Kò rí ẹ̀rí rẹ̀, ó kàn dá a lójú ni.

Ọdún 1732 ni Leonhard Euler, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, já irọ́ náà. Ó mú nọ́ńbà kẹfà: 65,536 lọ́nà ara rẹ̀, ó lé kan. 4,294,967,297 nìyẹn. Ó ní 641 lọ́nà 6,700,417 ni. Bó ṣe rí i ló yani lẹ́nu jù. Kò máa fi gbogbo nọ́ńbà gbìyànjú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú iyanrìn. Ó kọ́kọ́ fi hàn pé nọ́ńbà yòówù tó bá lè pín in gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 64, ó lé kan. 641 sì jẹ́ 64 lọ́nà 10, ó lé kan. Ẹ ò rí i pé "ó lé kan" náà ló padà wá tú "ó lé kan" fó.

Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n Euler yìí wo 65,537 fúnra wa. Bó bá ṣeé pín, ọ̀kan nínú àwọn práìmù tó pín in kò lè ju 256 lọ, nítorí 256 lọ́nà 256 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó o tán. Práìmù tó wà lábẹ́ 256 jẹ́ 54. Ṣé ìpín 54 la máa wá ṣe? Rárá o. Fún 65,537, òfin Euler ní ìlọ́po 32 ó lé kan nìkan ló lè pín in: 33, 65, 97, 129, 161, 193, 225. Nínú méje yìí, 97 àti 193 nìkan ni práìmù. Ó wá ku ìpín méjì péré. 97 lọ́nà 675 jẹ́ 65,475, ó ṣẹ́ku 62. 193 lọ́nà 339 jẹ́ 65,427, ó ṣẹ́ku 110. Ó tán! Kò sí ohun tó pín in. Práìmù ni 65,537, ẹ̀yin fúnra yín sì ti rí i lórí tábìlì yín láìlo kọ̀ǹpútà.

Láti ìgbà Euler, wọ́n ti wá èyí tó máa tẹ̀lé 65,537, wọn ò rí i. Láti ìkẹfà dé ìkẹtàlélọ́gbọ̀n nínú ìdílé yìí, gbogbo wọn ni wọ́n ti fi hàn pé ó ṣeé pín. Márùn-ún tí Fermat fi ojú rẹ̀ rí náà la ṣì ní lọ́wọ́, 65,537 sì ni àgbà wọn.

Àwọn Jámánì náà bá wọn dá sí i. Ní 1796, Carl Friedrich Gauss, ọmọ ọdún méjìdínlógún, fi hàn pé nítorí pé 17 wà nínú ìdílé Fermat, èèyàn lè fi rúlà àti kọ́ḿpáàsì lásán ya àwòrán tó ní igun mẹ́tàdínlógún tó dọ́gba. Ọ̀gbẹ́ni Johann Gustav Hermes wá ní òun máa kọ bí wọ́n ṣe lè ya ti 65,537. Ó lo ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, ó parí rẹ̀ ní 1894, ìwé ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní Yunifásítì Göttingen. Àwa tí a ń sunkún nítorí pírójẹ́ẹ̀tì ọdún kan, ẹ jẹ́ ká fọkàn balẹ̀.

Ó tó owó ẹyọ mélòó?

Kí ni orúkọ 65,537 ní Yorùbá? Ọ̀kẹ́ mẹ́ta àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta, ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó lé mẹ́tàdínlógójì. Ẹ tú orúkọ náà wò. Ọ̀kẹ́ jẹ́ 20,000, mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 60,000. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta jẹ́ ẹgbàá mẹ́ta, ó dín ẹgbẹ̀rún, ìyẹn 5,000. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jẹ́ igba mẹ́ta, ó dín ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 500. Mẹ́tàdínlógójì jẹ́ ogún méjì, ó dín mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀ta yọjú nínú orúkọ nọ́ńbà tí ẹ̀ta kò lè pín! Gẹ̀ẹ́sì kàn ń pe dígíìtì ni. Orúkọ tiwa, ìṣirò ni, ẹni tó bá pè é ti ṣe ìlọ́po, àròpọ̀ àti àyọkúrò kó tó pa ẹnu dé.

Èyí ò ṣẹ̀yìn owó ẹyọ. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tó gbé ní Ìjàyè, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí nọ́ńbà Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London ní 1887. Ó ṣàlàyé bí àwọn èèyàn ṣe ń da owó ẹyọ sílẹ̀, tí wọ́n ń fa márùn-ún márùn-ún títí tó fi di ogún, tí ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, tí ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ó gbà pé níbẹ̀ ni orúkọ nọ́ńbà wa ti wá. Lára okùn, ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́. Etí òkun ni owó yìí ti ń wọlé, ní Èkó àti Àgbádárìgì. Àwa tí a wà ní Ọjọ́ àti Ìba sì rèé lójú ọ̀nà Àgbádárìgì títí dòní.

Ká wá ní oníṣòwò kan ní owó ẹyọ 65,537. Ó máa di ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ó máa di ẹgbàá méjì sí i, ó máa sín okùn méjìdínlógójì, kí ló máa ṣẹ́kù sórí ẹní? Mẹ́tàdínlógún. Ìtàdógún náà ló tún padà wá kí wa. Ẹ fi pẹ́ńsù yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú fóònù yín

Fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún ó lé, eré àwọn onímọ̀ ni 65,537 jẹ́. Ní 1977, Rivest, Shamir àti Adleman ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ tí wọ́n ń pè ní RSA. Wọ́n máa ń mú práìmù ńlá méjì tí ìkọ̀ọ̀kan lè ju 300 dígíìtì lọ, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀. Ìsọdipúpọ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn pín in padà sí méjì, iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn méjì yẹn ni àṣírí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan tún wà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ mọ̀, tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ pa. Nọ́ńbà tó wọ́pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni 65,537.

Kí ló dé? Nítorí "ó lé kan" ni. Kọ̀ǹpútà máa ń fi 1 àti 0 kọ nǹkan, bí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe ń ṣí tó ń dé. Bó bá kọ 65,537, 1 kan wà níwájú, 0 mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wà láàárín, 1 kan wà lẹ́yìn. Láti ṣe ìlọ́po rẹ̀, kọ̀ǹpútà máa sọ nọ́ńbà di ìlọ́po ara rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrìndínlógún, ó máa wá ṣe ẹyọ kan lé e. Ó yá, kò sì kéré jù. Òfin mìíràn tí Fermat sọ ní 1640 kan náà wà lára ìpìlẹ̀ tó mú kí gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń tà ní Alábà, bó bá ṣí ojúewé tó ní àmì àgádágodo, ó ṣeé ṣe kí 65,537 wà níbi ìlẹ̀kùn.

"Ó dín kan" náà ò gbẹ́yìn. Ní October 2024, wọ́n kéde práìmù tó tóbi ju gbogbo èyí tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Luke Durant, ará Amẹ́ríkà, ló rí i. Ẹ fi 2 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ ní ọ̀nà 136,279,841, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò. Dígíìtì 41,024,320 ló ní. Lé àti dín, ohun méjì tí a fi ń ka nọ́ńbà wa lójoojúmọ́, àwọn náà ni wọ́n fi ń wá práìmù kiri àgbáyé.

Kí wá ni tiwa?

Ìdì tó ń di ìlọ́po ara rẹ̀, tiwa ni, ó wà nínú ọ̀pẹ̀lẹ̀. "Ó lé kan", tiwa ni, ó wà nínú ìjẹta. Ohun tí mi ò rí nínú ìtàn wa ni ìbéèrè Fermat: ṣé ó ṣeé pín tàbí kò ṣeé pín? Ìbéèrè náà ló sọ àṣà di ìmọ̀. Ifá kò bí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká fi irọ́ yẹn sílẹ̀, kò bu iyì kún Ifá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní Yorùbá kò lè ṣe ìṣirò kò tíì gbọ́ orúkọ 65,537 rí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé orúkọ náà ń lọ. Ìyá àgbà wa ṣì ń pe igba náírà àti ẹgbàá náírà. Kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń pe Òkòkò, tú taosan ló mọ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ fagi lé e.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìjọba lè fagi lé ìlànà, kò lè fagi lé ẹnu wa. Ẹ pe nọ́ńbà mátíríìkì yín ní Yorùbá lónìí, títí dé orí ẹyọ tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ẹ bi ara yín léèrè, ní Yorùbá, bóyá ó ṣeé pín. Bí ìdáhùn bá ṣòro, ẹ pe ọmọ sáyẹ́ǹsì kan wá kẹ́ ẹ jọ ṣe é. Ẹ̀yin méjì, ó lé kan.